Ẹ Yan Gáìdì Tó Lè Sọ Pé "A Ò Lọ Mọ́ Lónìí": Ohun Tí Omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà Kọ́ Mi Nípa Ihò Yìnyín

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ooru ń mú ní Òṣogbo, iná ò sí, mo sì ń fi ìwé fẹ́ ara mi nígbà tí fóònù mi dún. Àbúrò mi ni, ọmọ àbúrò màmá mi tó ń kàwé ní Tromsø, ìlú kan lápá àríwá Norway. Ó fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èèyàn kan dúró sínú ihò tí ògiri àti àjà rẹ̀ jẹ́ kìkì yìnyín, tí gbogbo rẹ̀ sì ń tàn bí àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àǹtí mi, ẹ bá mi wò ó, èwo ni kí n yàn? Èyí àkọ́kọ́ ni owó rẹ̀ pọ́ọ́kú jù, fọ́tò rẹ̀ náà ló sì dára jù."

N kò tíì dá a lóhùn tí màmá rẹ̀ fi pè mí láti Iléṣà. Wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ mi kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́ wọ inú yìnyín yìí o. Ṣé ilé yìnyín ò lè wó lu èèyàn?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Màá bá a sọ̀rọ̀." Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ọkàn tèmi gan-an ò balẹ̀, torí ìdáhùn sí ìbéèrè wọn ni pé, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wó.

Físíìsì ni mò ń kà ní ìpele másítà. Yìnyín tí mo ti fojú ara mi rí kò ju èyí tó máa ń bọ́ sórí páànù nígbà òjò àkọ́rọ̀ lọ, àti èyí tó wà nínú fìríìjì. Síbẹ̀, mo mọ ohun kan tó lè ran àbúrò mi lọ́wọ́. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni mo ti kọ́ ọ, kì í ṣe nínú ìwé.

Ohun tí ojú mi rí létí omi Olúmirìn

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ omi Olúmirìn dáadáa, ìyẹn omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, tí kò jìnnà sí Iléṣà. Ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà lóbìnrin, ló kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1140. Ìpele méje ni wọ́n kà á sí. Ẹni tó bá gùn ún dé òkè pátápátá ti ń wọ apá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ní Èkìtì nìyẹn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, àwa márùn-ún gbéra láti Òṣogbo lọ síbẹ̀. Bàbá kan ló fi ọ̀nà hàn wá. Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere. A ti kọjá ìpele kìíní, a ti ń ya fọ́tò ní ìpele kejì, nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé Bàbá ti dákẹ́, omi ni wọ́n ń wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀. A ò lọ mọ́ lónìí."

Inú bí wa gan-an ni. A ti ná owó ọkọ̀, a sì ti sọ fún gbogbo ayé pé ìpele keje là ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé ká fi nǹkan kún owó yín ni?" Wọ́n ní owó kọ́. Wọ́n nawọ́ sí omi náà, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, ó ti ń pọ́n. Ewé tútù ti wà nínú rẹ̀. Òjò ti rọ̀ lókè." A gbójú sókè, a ò rí òjò kankan. Ìkùnsínú la fi tẹ̀ lé wọn sọ̀ kalẹ̀.

A ò tíì jókòó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nísàlẹ̀ tí ìró omi náà fi yí padà. Omi tó funfun ní àárọ̀ ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Òkúta tí a tẹ̀ kọjá nígbà tí à ń gòkè, a ò rí i mọ́, omi ti bò ó. Ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ fowó kún owó, òun ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá yẹn.

Báwo ni omi ṣe kún láìsí òjò?

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Bí òjò tó ga tó mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, lítà omi kan nìyẹn. Ká wá ní òjò mìlímítà 40 rọ̀ sórí òkè tó fẹ̀ ní kìlómítà kan lóròó, kìlómítà kan níbùú. Lítà mílíọ̀nù 40 nìyẹn. Ọkọ̀ tánkà tó ń gbé epo lítà 33,000, ẹ máa nílò bí 1,200 irú rẹ̀ láti kó omi yẹn. Àwọn òkè tó wà láàárín Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n, òkúta líle tí wọ́n ń pè ní quartzite ló pọ̀ nínú wọn. Níbi tí òkúta bá ti yọrí, omi kì í ráyè wọlẹ̀ kíákíá, ńṣe ló máa ń wá ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè máa yá oòrùn nígbà tí omi òjò tó rọ̀ lókè ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀wẹ̀, bí omi bá fi ìlọ́po méjì yára sí i, agbára tó fi ń ti ẹsẹ̀ èèyàn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí omi tí kò jinlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ fi lè gbá àgbàlagbà ṣubú tó bá ń sáré dáadáa. Bàbá gáìdì yẹn ò ṣe ìṣirò kankan, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí àwọ̀ omi ń sọ.

Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ni omi ṣe wá kan yìnyín. Ẹ má lọ o, ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀.

Omi ló ń gbẹ́ ihò yìnyín

Ní àwọn ibi tó tutù gan-an, yìnyín máa ń bọ́ lọ́dọọdún ju èyí tó ń yọ́ lọ. Á máa gun orí ara rẹ̀, ìwúwo tòkè á máa tẹ tìsàlẹ̀ títí á fi di òkìtì yìnyín ńlá tó le bí àpáta. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní glacier. Àwọn ará Norway ń pè é ní bre, àwọn ará Iceland ń pè é ní jökull. Ó le lóòótọ́, àmọ́ kì í dúró sójú kan. Ó ń rọra ṣàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bíi pé odò kan ló ń fi ọ̀sẹ̀ rìn ibi tí omi ń fi ìṣẹ́jú rìn.

Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn á yọ́ ojú yìnyín náà. Omi tó yọ́ yẹn á wá ọ̀nà, bí omi ṣe máa ń ṣe níbi gbogbo. Á gbẹ́ kòtò sójú yìnyín, kòtò náà á máa jìn sí i lọ́dọọdún, títí yìnyín tuntun fi máa bo ẹnu rẹ̀. Ní ibòmíràn, omi á gba inú ihò já sísàlẹ̀, á sì lu yìnyín jáde létí. Nígbà tí òtútù bá dé, omi á dáwọ́ ìṣàn dúró, á wá ku ọ̀nà tó gbà kọjá. Ọ̀nà omi tó ṣófo yẹn ni ihò yìnyín tí àwọn èèyàn ń sanwó wọ̀. Bí ẹ bá wà nínú rẹ̀, inú odò lẹ dúró sí, odò tó sùn ni.

Àwọ̀ aró yẹn náà ní ìdí. Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kún fún afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, ìdí nìyẹn tó fi funfun. Nínú glacier, wọ́n ti tẹ afẹ́fẹ́ yẹn jáde. Ìmọ́lẹ̀ á ráyè wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà, yìnyín á sì máa gbé apá pupa ìmọ́lẹ̀ mì ju apá búlúù lọ. Búlúù ló máa ṣẹ́ kù tó máa dé ojú yín.

Ṣùgbọ́n ẹwà ò dín ìwúwo kù. Yìnyín tó ga ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan wúwo tó kílógíráàmù 917, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì 18 lọ. Ẹ wá rántí bí òrí ṣe máa ń rí: nígbà ọyẹ́, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀bẹ gé e, nígbà ooru, ìka lásán ti tó. Yìnyín náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣe ń sún mọ́ ibi tó ti máa yọ́, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Omi á máa wọ inú àwọn ibi tó ti sán, á máa fẹ̀ wọ́n sí i. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè má rí ohun kankan kó tó já.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kan wà lórí glacier Breiðamerkurjökull ní gúúsù ìlà-oòrùn Iceland. Ìrìn ihò yìnyín ni wọ́n bá lọ, gáìdì sì wà pẹ̀lú wọn. Yìnyín já lù wọ́n. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan kú, obìnrin tó bá a lọ fara pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ìrìn ihò yìnyín dúró níbẹ̀, tí àríyànjiyàn ńlá sì bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà pé ṣé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa mú èèyàn lọ sí irú ibẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rárá.

Ẹ wo oṣù yẹn dáadáa. Oṣù Kẹjọ ni, ìgbà tí yìnyín ń yọ́, tí odò inú rẹ̀ ò sùn. Ìgbà òtútù, láti bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, ni wọ́n máa ń wọ irú ihò tí omi fúnra rẹ̀ gbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Iceland tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. N kò fẹ́ kí àbúrò mi nìkan jẹ́ ẹni tí ọgbọ́n yẹn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè márùn-ún tí mo ní kó bi wọ́n

Mo ní kó pa fọ́tò tì. Ihò yìnyín ń yí padà lọ́dọọdún. Èyí tó wà nínú fọ́tò èṣí lè ti wó tàbí kí omi ti gbé e lọ. Mo ní kó kọ̀wé sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó bi wọ́n ní ohun márùn-ún yìí:

Àkọ́kọ́, ṣé omi ló gbẹ́ ihò yín ni àbí èèyàn? Oṣù wo lẹ ń wọ̀ ọ́? Ìdáhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí omi bá ló gbẹ́ ẹ, ìgbà tí òtútù mú dáadáa ni kí wọ́n dárúkọ.

Èkejì, ta ló kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́ kí àlejò tó wọ̀ ọ́, báwo ló sì ṣe pẹ́ tó tí ẹni náà wọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn? Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá kò mọ ohun tí òjò àná ti ṣe síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èèyàn mélòó lẹ ń kó lé gáìdì kan lọ́wọ́, níbo ni gáìdì náà sì ti kọ́ṣẹ́? Ní Iceland, ẹgbẹ́ àwọn gáìdì orí òkè tí wọ́n ń pè ní AIMG máa ń dá gáìdì lẹ́kọ̀ọ́ nípa rírìn lórí yìnyín, wọ́n sì máa ń dán an wò. Ẹni tó kọ́ irú iṣẹ́ yìí á dárúkọ ibi tó ti kọ́ ọ láìjanpata.

Ẹ̀kẹrin, kí lẹ máa fún mi wọ̀? Akoto wà fún yìnyín kéékèèké tó lè já lù èèyàn. Irin onímu tí wọ́n ń so mọ́ bàtà wà kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé akoto lè gba èèyàn lọ́wọ́ àpò sìmẹ́ńtì 18 o. Kò lè gbà á. Ohun tó lè gbà á ni kó má sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó máa já.

Ẹ̀karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: ìgbà wo lẹ fagi lé ìrìn kẹ́yìn, kí ló fà á, ṣé ẹ sì dá owó àwọn èèyàn padà? Ìbéèrè Bàbá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà nìyí. Ẹni tí kò tíì fagi lé ìrìn rí, bóyá ibi tó wà ò léwu rárá ni, tàbí kó jẹ́ pé òun ni kò rí ewu. Ọ̀rọ̀ owó náà sì ní ìdí. Bí gáìdì bá máa pàdánù owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó sọ pé "a ò lọ", ẹnu rẹ̀ á wúwo láti sọ ọ́.

Ìdáhùn tí wọ́n fún un

Èyí àkọ́kọ́, tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú jù, ihò tí omi gbẹ́ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n fi ayọ̀ dáhùn pé ojoojúmọ́ ni àwọn ń lọ, ẹ̀ẹ̀rùn òun òtútù, pé kò sóhun tó ń dá àwọn dúró. Wọn ò dáhùn ìbéèrè karùn-ún rárá. Mo ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kó sì máa lọ.

Èkejì wà ní Iceland bákan náà, ihò tí èèyàn gbẹ́ sínú Langjökull tí wọ́n ṣí fún àlejò ní ọdún 2015. Ọdún yípo ni wọ́n ń wọ ìyẹn, nítorí èèyàn ló yan ibi tí wọ́n máa gbẹ́, kì í ṣe omi. Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ ìyá rẹ̀ ló fẹ́ lọ, ibẹ̀ ni mo máa mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí omi fúnra rẹ̀ là ni àbúrò mi fẹ́ rí.

Ẹ̀kẹta wà ní Longyearbyen ní Svalbard, níbi tí wọ́n ti ń wọ inú glacier Larsbreen. Ìwọ̀n 78 lápá àríwá ni ìlú yẹn wà, ó jìnnà wọ inú Arctic. Gáìdì ibẹ̀ ń gbé ìbọn dání nítorí béárì funfun tó lè pa èèyàn. Ewu mìíràn sì wà níbẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, yìnyín ya láti ara òkè, ó bo àwọn ilé ní Longyearbyen, èèyàn méjì sì kú. Nítorí náà, gáìdì gbọ́dọ̀ máa wo òkè tó wà lọ́nà pẹ̀lú, kì í ṣe ihò nìkan. Ìdáhùn wọn gùn. Wọ́n ní ìgbà òtútù nìkan làwọn ń wọ̀ ọ́, wọ́n sọ iye èèyàn tí gáìdì kan ń mú lọ, wọ́n sì sọ ọjọ́ tí wọ́n fagi lé ìrìn kẹ́yìn: òjò rọ̀ láàárín òtútù. Wọ́n dá gbogbo owó padà.

Òun náà ni owó rẹ̀ ga jù. Àbúrò mi ṣọ́ owó rẹ̀ jọ fún oṣù mélòó kan, ó sì yan oṣù Kẹta.

Ó di ọjọ́ ìrìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Àǹtí mi, wọ́n ní a ò lọ mọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ wá láti gúúsù, òjò rọ̀ mọ́jú. Ẹ wo gbogbo owó ọkọ̀ òfuurufú tí mo san!" Mo jẹ́ kó bínú tẹ́rùn, torí mo mọ bó ṣe ń dunni. Èmi náà ti fi ìkùnsínú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan rí. Nígbà tó ṣe tán, mo ṣàlàyé fún un pé omi òjò yẹn á wá ọ̀nà tó ti là sílẹ̀, inú ihò tí òun fẹ́ dúró sí gan-an sì ni ọ̀nà náà. Odò tó sùn ti fẹ́ jí nìyẹn.

Wọ́n dá owó ìrìn rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ òfuurufú ti lọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì wọ ihò yìnyín kankan. Ó ní òun á tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ gáìdì kan náà lòun sì máa lọ. Nígbà tí mo sọ fún màmá rẹ̀ ní Iléṣà, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní, "Bá mi kí gáìdì yẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lásìkò òjò yìí, ẹ máa bi ẹni tó fẹ́ mú yín gòkè pé ìgbà wo ló dá àwọn èèyàn padà kẹ́yìn, kí ló sì rí. Bó bá sọ fún yín láàárín ọ̀nà pé kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ sì fún un ní owó rẹ̀ pé.

Ó dìgbà kan ná.